Omi Ìyá: Bí Mo Ṣe Fi Ìkòkò Ẹja Ṣe Iṣẹ́ Ayé Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jókòó. Mi ò ní sọ pé kí ẹ wá kọ́ tèmi. Bí mo ṣe kọ́ ọ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ lè mọ ohun tí àwa ń pè ní iṣẹ́. Sàlámọ́tù ni orúkọ mi. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, kò sí ilé ńlá kan tó ní ìkòkò ẹja ààyè tí n kò mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kalẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé mò ń fọ́nnu, ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu. Ẹni tí ẹja kì í kú mọ́ lọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ. Olówó ilé fẹ́ kí ẹja ààyè wà nínú ilé òun, kó lè jẹ́ pé ìgbàkígbà tí àlejò bá dé, ẹja tútù ni wọn yóò sè fún un, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ì báà jẹ́ òjò. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa wò ó ni. Wọ́n á ra ìkòkò ńlá tuntun, wọ́n á pọn omi tó mọ́ gaara kún un, wọ́n á ra àrọ̀ àti epìyà lọ́jà, wọ́n á dà wọ́n sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kò ní pẹ́ tí ẹja yóò fi máa léfòó, ikùn sókè. Wọ́n á ní àjẹ́ ni, wọ́n á ní orogún ni. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe orogún. Ìkòkò tuntun ló ń pa ẹja, omi mímọ́ gaara ló sì ń bá a dì í mú.

Ọmọ Èkó ni mí. Ọmọdébìnrin ni mí nígbà tí ìjà orí oyè lé àwọn òbí mi kúrò ní Èkó, tí wọ́n bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wa wọ ọkọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. Ìlú náà gbà wá, Ọlọ́run yóò san án fún wọn, ṣùgbọ́n àlejò ni wá. A kò ní ilẹ̀, a kò ní ilé bàbá, a kò sì ní ibi tí a lè na àwọ̀n sí láìjẹ́ pé a tọrọ gáfárà. Ìyá mi rò ó títí, ó ní bí a kò bá ní ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ní iṣẹ́. Ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Olómi.

Ìyá Olómi ni gbogbo ayé ń pe ọ̀gá mi. Onílẹ̀ ni, apẹja ni bàbá rẹ̀, apẹja ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Obìnrin gíga ni, ó gbẹ bí ẹja orí ààrò, kì í sì í rẹ́rìn-ín àfi bí ẹlòmíràn bá yọ̀ ṣubú létí omi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Sùnmọ́nù, ń tún àwọ̀n ṣe lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí a wọlé. Ó gbọ́ ohun tí ìyá mi ń bẹ̀, ó sì gbé orí sókè.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe é. A kì í fi iṣẹ́ ilé han àlejò. Bí wọ́n bá padà sí Èkó lọ́la ńkọ́?”

 Èmi ni Ìyá Olómi ń wò. Ọmọdé ni mí, mo ti rí ìkòkò kan ní kọ̀rọ̀ ilé, mo sì ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgúnpá kí n lè mọ ohun tó ń rìn nísàlẹ̀. Ìyá mi pariwo mọ́ mi.

Ìyá Olómi ní, “Ẹ fi í sílẹ̀.” Ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. “Mo pe ọmọbìnrin tìrẹ sí iṣẹ́ yìí, ó ní omi ń rùn. Èyí ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó mọ orúkọ rẹ̀.”

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ nìyẹn. Ìkòkò tí mo ki ọwọ́ bọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Omi ìyá ni wọ́n ń pe omi inú rẹ̀. Wọ́n rì í sínú ilẹ̀ dé àárín, ó dúdú, inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ara àrọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fọ̀ ọ́ rí láti ayé ìyá tó bí ìyá Ìyá Olómi. Omi kékeré ni wọ́n ń bù kúrò, omi kékeré ni wọ́n ń dá padà, ẹja kì í sì í tán nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbé ìkòkò tuntun kalẹ̀ nílé onílé, nínú omi ìyá ni a ti ń bù, pẹ̀lú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ti hu ewéko lára. Ọ̀gá mi a máa sọ pé omi ìyá ló ń kọ́ omi tuntun bí wọ́n ṣe ń gba ẹja lálejò. Omi tí wọn kò bá kọ́, apani ni.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Nínú iṣẹ́ wa, ìdásílẹ̀ kò ní ijó, kò sì ní àsè. Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ bá bu omi ìyá sínú ìkòkò tìrẹ, tí o kúnlẹ̀ tí o fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ọjọ́ náà lo di ọ̀gá. Bí kò bá tíì bù fún ẹ, o lè mọ gbogbo rẹ̀ tán, ọmọọ̀ṣẹ́ ni ẹ́ títí ewú yóò fi bo orí rẹ. Omi yẹn ni mo ń wá. Fún ọmọ àwọn tí ìjà lé kúrò nílé, ìkòkò omi kan tó jẹ́ tèmi kì í ṣe ohun kékeré. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ń lá àlá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá Olómi kò yára. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹja rárá, omi ni mò ń tọ́jú. Mo ń pọn ọ́n, mo ń jẹ́ kó sùn nínú agbada kí òórùn rẹ̀ lọ, kí ìdọ̀tí rẹ̀ sì rọlẹ̀, mo sì ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a máa dé inú ọ̀sà díẹ̀, ahọ́n ló sì kọ́kọ́ ń mọ̀. Bí mo bá ní omi dára, ọ̀gá mi á ní kí n tún un tọ́ wò. Bí mo bá ní kò dára, á ní kí n sọ ohun tó ṣe é. Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ tí mo fi jẹ ọbẹ̀ kan etí ìkòkò, ó gbá ọwọ́ náà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Ó ní, “Ọwọ́ tó bá jẹ epo, kó jìnnà sí ẹja mi. Ẹja kì í wẹ ọṣẹ, kì í sì í para.”

Ohun tó tẹ̀lé e ni ìkòkò fúnra rẹ̀. A óò rẹ ìkòkò tuntun sínú ọ̀sà títí amọ̀ rẹ̀ yóò fi mu omi yó. A óò gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní máa wò ó lójú, tó sì jìnnà sí ààrò. A óò da omi tó ti sùn sí i, a óò wá bu omi ìyá lé e. Lẹ́yìn náà, a óò jókòó. Jíjókòó yẹn ló ń lé àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ sá. A óò fi ojúoró bo ojú omi, a óò fi ẹyọ àrọ̀ kékeré kan ṣáájú, ọ̀gá mi sì ń pe ìyẹn ní alámì. Bí alámì bá jẹun, tó ń rìn, tí omi kò rùn, a óò fi òmíràn kún un. Epìyà ni ó ń gbẹ̀yìn, nítorí ọmọ olówó ni epìyà, ìyà kékeré ni í pa á. A óò fi apẹ̀rẹ̀ dé e, torí pé àrọ̀ a máa jáde lọ rìn kiri ilé bí ẹni tó ń wá gbèsè.

Ti oúnjẹ ló le jù láti kọ́ àwọn onílé. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń ju nǹkan sí ẹja. Ìyá Olómi a máa sọ pé, “Ebi kì í tètè pa ẹja. Àjẹkù ni í pa á.” Mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún onílé tó pọ̀ ju irun orí mi lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja ṣe ń wọlé.

Ilé àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi rán mi lọ ní èmi nìkan, Ìkòròdú ni. Oníṣòwò epo pupa kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Alépo fẹ́ ìkòkò ẹja. Mo rọ omi ìyá sínú akèrègbè, mo wọ ọkọ̀, a tẹ ojú ọ̀sà lọ títí a fi gúnlẹ̀ sí Ìpakodò, mo sì ru omi mi gòkè wọ ìlú. Mo gbé ìkòkò kalẹ̀, mo fi alámì sí i, ó gbà. Mo fi àwọn yòókù kún un, wọ́n gbà. Ayọ̀ kún inú mi.

Mi ò mọ̀ pé ìyàwó tuntun ń bọ̀ wọ ilé náà. Ní ilé wọn, bí ìyàwó bá ń bọ̀, àwọn ìyàwó ilé á fọ gbogbo ìkòkò tó wà nínú ọgbà kó má baà jẹ́ pé wọ́n fi ìdọ̀tí pàdé rẹ̀. Ìyáálé ilé náà, Ìyá Adé, ló kó wọn sòdí. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú eérú, iyanrìn àti kànrìnkàn.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má fọ èyí. Ìdọ̀tí tí ẹ rí yẹn ló gbé ẹja ró.”

Ìyá Adé wo inú ìkòkò, ó yín imú. “Kí àwọn àna wa wá bá ìkòkò tó ń yọ̀ nílé mi? Dìde níbẹ̀.”

Mo jókòó. Mo gbé ìdí lé apẹ̀rẹ̀ orí ìkòkò náà gbọnyingbọnyin. Wọ́n bẹ̀ mí, mi ò dìde. Wọ́n bú mi, mi ò dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí kọrin pé ẹja Ẹ̀pẹ́ kan ti bímọ sórí ìkòkò. Ariwo náà mú Bàbá Alépo jáde.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jẹ́ kó jókòó. Bí ẹja bá kú, òun la máa sè.”

Ẹja kò kú, ìyàwó wọlé, ara mi sì yá gágá bí mo ṣe ń padà lọ. Mo rò pé nígbà tí mo bá dé Ẹ̀pẹ́, ìkòkò tèmi ti dé nìyẹn. Àwọn atukọ̀ ti gbé ìròyìn náà débẹ̀ ṣáájú mi.

Ìyá Olómi ní, “Ta ló rán ẹ pé kí o jókòó lé nǹkan oníǹkan?”

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́.”

“Mo ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́, mi ò ní kí o sọ ìdí ẹ di ìdérí. Ìgbà tí o bá dìde ńkọ́? Ẹni tó bá fi ìkòkò sílẹ̀ nílé onílé gbọ́dọ̀ fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ tì í. Padà lọ wá ọ̀rẹ́.”

Ó dùn mí dé egungun. Kò bu omi fún mi. Mo ń lọ sí Ìkòròdú, mo ń bọ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Adé ni mo sì ń jókòó sí. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ahọ́n tọ́ omi wò, bí wọ́n ṣe ń bù díẹ̀ kúrò láìda ojú omi rú. Obìnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó, bó bá ti yé e pé ìkòkò náà ní ìmọ́tótó tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀ jù ú lọ. Ó di ọ̀rẹ́ mi, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.

Kí n má baà gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́, torí pé àwọn ohun tí mo bá níbẹ̀ kọ́ ni mo fi sílẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àgbá onípákó àwọn òyìnbó wọ̀lú. Gbogbo ènìyàn sáré sí àgbá epo, torí pé ó tóbi. Mo ní kí wọ́n má rà á. Epo ti mu inú pákó náà yó, kò sí eérú tó lè fọ̀ ọ́ jáde. Àgbá ọtí ni mo lò, èmi ọmọ Mùsùlùmí, mo rẹ ẹ́ sínú ọ̀sà títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Àwọn àlùfáà wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja Sàlámọ́tù nìkan ló ń mutí ní Ẹ̀pẹ́. Garawa náà dé, ó ń dípẹtà, mo kọ̀ ọ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni àwo dígí ńlá kan tí obìnrin kan gbé wá bá mi ní Ìkòròdú. Ó ní òun kò ní jẹ ẹja inú rẹ̀, òun kàn fẹ́ máa wò ó. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi epìyà kékeré sínú rẹ̀ tí mo jókòó níwájú rẹ̀, mi ò lè dìde. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ẹ̀yìn ẹja ni mo ń wò láti òkè. Ọjọ́ náà ni mo tó rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń mí, bó ṣe ń fi lẹbẹ ṣẹ́pá. Inú mi dùn bí ọmọ tuntun. Síbẹ̀, ìkòkò ni, àgbá ni, dígí ni, omi ìyá ni mo kọ́kọ́ ń bù sí i.

Mo wá dé ibi tí mo fi pa mọ́. Ọyẹ́ mú lọ́dún kan tí mo ṣì jẹ́ ọmọọ̀ṣẹ́, koríko orí ilé gbẹ bí ewé tábà. Èmi àti ọ̀gá mi wà létí ọ̀sà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, nígbà tí a rí èéfín. Iná ti ta látinú ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja nílé kejì sí tiwa. Kí a tó sáré délé, àwọn aládùúgbò ti pa á. Ilé Ìyá Olómi kò jóná, ẹ̀gbẹ́ òrùlé kan péré ló lọ. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àfi ìgbà tí àrọ̀ kan já bọ́ láti orí òrùlé síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Sùnmọ́nù yọ jáde, eérú bo gbogbo ara rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, omi inú ilé yín ló gba ilé yín là. Kò sí ìkan tí a kò dà.”

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti gbọ́n omi ìyá gbẹ, wọ́n ti jù ú sórí iná, tòun ti ẹrẹ̀, tòun ti ẹja. Bó ṣe rí ní gbogbo àdúgbò náà nìyẹn, kò sí ìkòkò ẹja tí wọn kò dà. Àwọn díẹ̀ tí a ti gbé kalẹ̀ ní òdìkejì ìlú, àwọn onílé ti jẹ ẹja wọn tán, wọ́n ti fọ ìkòkò, wọ́n ti sọ ọ́ di ti omi mímu.

Bàbá Sùnmọ́nù rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbìyànjú láti tù ú nínú. Ó lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà, ó ró gbọngan. “Ẹ fara balẹ̀. Omi ló dànù, agbè kò fọ́.”

Ìyá Olómi ní, “Sùnmọ́nù, agbè ni ì bá fọ́, kí omi ṣẹ́kù.”

Ó jókòó ti ìkòkò òfìfo náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí. Mo ní ká bu ẹrẹ̀ ọ̀sà ká bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó mi orí. Ó ní èyí tí ìyá òun fi lé òun lọ́wọ́ ni òun ń sunkún, òun sì ti dàgbà jù láti bí omi. Ìbànújẹ́ bá mi gan-an, kì í ṣe nítorí rẹ̀ nìkan. Omi tí mò ń dúró dè láti ọmọdé ti gbẹ sórí koríko.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo dìde, mo mú akèrègbè, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìpakodò.

Ilé Bàbá Alépo ni mo gbà lọ tààrà. Ìkòkò wà níbẹ̀, ojúoró bo ojú rẹ̀, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i. Ìyá Adé gbá a.

“Kí lo fẹ́ ṣe?”

“Ìyá Adé, mo fẹ́ bù níbẹ̀. Mo fẹ́ bu púpọ̀, àti ẹrẹ̀.”

“Láéláé. Ìwọ lo ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da ìsàlẹ̀ rẹ̀ rú. Ṣé ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni?” Ó fa apẹ̀rẹ̀ bo ìkòkò náà, ó sì jókòó lé e.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ìyá Adé, ìyá omi yìí ti kú ní Ẹ̀pẹ́. Ẹyọ ọmọ tó kù láyé, ẹ̀yin lẹ jókòó lé e.”

 Ó dìde, ó lọ mú igbá tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi náà sínú akèrègbè mi, pẹ̀lú ẹrẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, rọra rọra bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun. Ó bu àrọ̀ kékeré kan sí i. Ó ní alámì nìyẹn, kí n bá òun kí Ẹ̀pẹ́.

Àárín ẹsẹ̀ mi ni mo há akèrègbè náà mọ́ nínú ọkọ̀, mo fi aṣọ tútù wé e. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbá ọkọ̀ wa kiri, àwọn atukọ̀ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, èmi yóò gba akèrègbè là kí n tó rántí ara mi. Wọn kò parọ́.

Nígbà tí mo wọlé, Ìyá Olómi wà níbi tí mo fi í sí, Bàbá Sùnmọ́nù jókòó tì í. Mo gbé akèrègbè náà síwájú rẹ̀. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó sì di ojú. Mo dúró bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí mò ń retí kó ní omi mi kò dára.

Ó ní, “Omi ìyá mi nìyí.”

Mo ní, “Alihamudulilahi. Ìyá, ẹ gbà á, ẹ dà á sínú ìkòkò yín.”

Kò gbà á. Ó dìde, ó mú agbada kékeré kan wá, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.  Mo wólẹ̀ sórí eékún kí n má baà dúró lé àgbà lórí, a wá kúnlẹ̀ kojú ara wa.

Bàbá Sùnmọ́nù ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Àlejò ni, ọmọọ̀ṣẹ́ yín ni.”

Ìyá Olómi kò yí ojú. Ó ní, “Ẹni tí omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀gá. Omi tí ẹni máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Sàlámọ́tù, bù fún mi.”

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ tọ́jú rẹ̀ débi tí yóò fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀gá yín yóò ti wá a bó bá sọnù. Ọlọ́run ti mú Ìyá Olómi lọ, èmi náà ti gbé igbá sílẹ̀, àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ mi ló ń gun ọ̀sà lọ, tí wọ́n ń gun ún bọ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ wà nínú wọn, ọmọ Ìkòròdú wà nínú wọn, ọmọ ọmọ Bàbá Sùnmọ́nù pàápàá wà níbẹ̀, kò sì sọ rí pé omi ń rùn. Ẹ wo inú ìkòkò ẹja èyíkéyìí láti ibí dé Ìpakodò, tí ẹja inú rẹ̀ wà láàyè. Omi tó kọ́ omi rẹ̀, inú igbá ọmọ àlejò ló ti jáde lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo kúnlẹ̀ bù fún ọ̀gá mi.